Ẹyẹ Tó Dorí Kodò ní Ìlọfà

Bí ẹ bá dé Ìlọfà lónìí tí ẹ ní ẹ fẹ́ rí ohun tó dára, sàréè Yèyé Májẹ́kódùnmí ni wọn á mú yín lọ. Wọn á na ìka sí ẹyẹ kan tó dorí kodò lára ògiri tó wà níbi orí sàréè náà, wọn á ní, "Mùfúlíátù ló ṣe é." Ẹ ò ní gbọ́ orúkọ Bándélé níbẹ̀. Èmi ni Bándélé. Ó ti tó ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n tí mo ti ń tẹ́ táìlì láti Òsì títí dé Ararọ̀mí-Ọ̀pin, èmi ni mo sì kọ́ Mùfúlíátù níṣẹ́.

Ìtàn obìnrin náà ni mo fẹ́ sọ. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, wọ́n sì máa ń fi oyin sí i jù. Mo ń jowú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé òun ló tú àṣírí mi. Ṣùgbọ́n òjòwú lè sọ òótọ́. Ta ló tún mọ ènìyàn tó ẹni tó ń jowú rẹ̀? Ọdún méjìlá ni mi ò ti gbé ojú kúrò lára obìnrin yìí.

Ọmọ Ìdọ̀fin ni. Bàbá rẹ̀ ń gbin iṣu, ìyá rẹ̀ ń yan gàrí. Ilé kéú ni wọ́n fi í sí ní kékeré, kò sì ju kíláàsì mẹ́ta lọ nílé ìwé, nítorí náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ìwé kà. Dírẹ́bà kan fẹ́ ẹ wá sí Òsì, ó bí Abdulqoyyum fún un, ó bí obìnrin kan tẹ̀ lé e, ọkùnrin náà wa mọ́tò lọ sí Kòǹtàgórà, kò sì padà wá mọ́. Àwọn obìnrin àdúgbò ń retí kó sunkún kí àwọn lè bá a dá sí i. Kò sunkún. Ó ká òṣùká, ó gbé páànù lérí, ó ń pọnmi fún àwọn bíríkìlà.

Níbi tí mo ti ń tẹ́ ilé tíṣà kan ní Òsì ni mo ti kọ́kọ́ rí i. Mo ń gé táìlì, àwọn àfọ́kù ń jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nígbà tí àwọn yòókù lọ jẹun, ó jókòó ti àwọn àfọ́kù náà, ó ń jẹ ẹ̀pà, ó sì ń tò wọ́n sórí iyanrìn, ó ń fi èékánná kan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bí ẹni tó ń yẹ ìkòkò wò lọ́jà. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé mo lè kó o?" Mo ní, "Kó o lọ, ìdọ̀tí ni." Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo bá a sọ nípa táìlì nìyẹn.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, mo gba Ìdọ̀fin kọjá, mo rí èrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́ṣáláṣí kan. Àwọn kan ń fi fóònù ya àwòrán. Mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà. Ibi àlùwàlá wọn ni wọ́n ń wò. Àfọ́kù táìlì ni ẹnì kan fi tẹ́ ẹ láti orí dé ìsàlẹ̀, ó sì fi ya omi: búlúù tó ń ṣàn láti ìdí ẹ̀rọ títí dé ibi tí wọ́n ti ń fọ ẹsẹ̀, tí funfun díẹ̀díẹ̀ ń hó nínú rẹ̀. Mo mọ àfọ́kù mi. Búlúù ilé tíṣà ni, èyí tí mo ní kí Mùfúlíátù kó lọ. Mo ní ebi ló ń pa mí, mo ra àkàrà jẹ. Kì í ṣe ebi.

Mo gbà á síṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn. Gbogbo ènìyàn ní mo láàánú. Kì í ṣe àánú; mo fẹ́ kó wà níbi tí ojú mi ti máa tó o. Mo kọ́ ọ ní okùn fífà kí ìlà lè gún, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń po sìmẹ́ǹtì, mo kọ́ ọ bí a ṣe ń fi rọ́bà lu táìlì kó má dún bí àgbá òfìfo. Ó ń pè mí ní "Ọ̀gá mi", kò gbójú sí mi lẹ́ẹ̀kan rí. Ká ní ó máa ń gbójú ni, ara ì bá tù mí. Kò pé ọdún méjì tí àwọn oníbàárà fi bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó kọjá èjìká mi. Wọ́n á ní, "Ọ̀gá Bándélé, ẹ ṣe pálọ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ìyá yẹn bá wa ṣe ẹnu ọ̀nà." Àní Ìbídùnní, ìyàwó témi fúnra mi fẹ́, bi mí lọ́jọ́ kan pé, "Ṣé Mùfú ló máa bá wa tẹ́ ilé ìdáná ni?" Ọdún mẹ́sàn-án ni ilé ìdáná yẹn ti wà ní sìmẹ́ǹtì lásán. Mo fi ọwọ́ ara mi tẹ́ ẹ kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí.

Nígbà tó tó àkókò, mo ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún un bí àṣà iṣẹ́ wa. Mo gbé ọwọ́ lé e lórí, mo gbàdúrà. Àdúrà náà kúrú.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká dé orí ọ̀rọ̀ táìlì Pọ́túgà.

Yèyé Májẹ́kódùnmí kú ní Ìlọfà lẹ́ni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rùn-ún. Ebenezer, ọmọ rẹ̀, ti pẹ́ ní Lísíbọ̀n, nílẹ̀ Pọ́túgà. Èmi ni mo tẹ́ sàréè bàbá wọn, gbogbo ìlú ló mọ̀, mo sì ti ń wọn sìmẹ́ǹtì lọ́kàn kí wọ́n tó pè mí. Wọ́n pè mí lóòótọ́. Ìgbà tí mo dé àgbàlá wọn, Mùfúlíátù ti jókòó síbẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Wọ́n ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó yọjú.

Ebenezer fi irin tú àpótí pákó kan níwájú wa. Táìlì méjìdínláàádọ́ta ló wà nínú rẹ̀, tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí kò sì sí èyí tó fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ó ní wọ́n ti lé ní igba ọdún. Ara ògiri ilé àtijọ́ kan tí wọ́n wó ni wọ́n ti yọ wọ́n, ọwọ́ ẹni tó ń ta ohun àtijọ́ lòun ti rà wọ́n. Àwòrán kan ṣoṣo ni gbogbo wọn para pọ̀ jẹ́, ṣùgbọ́n òun fúnra òun ò tíì rí i lódindi rí, nítorí inú àpótí ló bá a, yàrá òun ò sì gba kí òun tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Mo mú ọ̀kan. Ẹ gbọ́, mo ti tẹ́ táìlì Ṣáínà, mo ti tẹ́ ti Íńdíà, ẹ̀rọ ló tẹ gbogbo wọn, bí ẹ ti rí ọ̀kan lẹ ti rí ẹgbẹ̀rún. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi yìí, amọ̀ ni ara rẹ̀, ojú rẹ̀ funfun, ó sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ odò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Etí obìnrin kan ló wà lójú rẹ̀, búlúù, pẹ̀lú yẹtí. Irun búrọ́ọ̀ṣì kan ti lẹ̀ mọ́ ọ̀dà náà láti ìgbà náà wá. Ẹnì kan ló jókòó tó fi ọwọ́ ya etí yìí kí wọ́n tó bí bàbá bàbá mi. Ọkàn mi fà sí iṣẹ́ náà. Mo mọ̀ pé mi ò tún ní rí irú rẹ̀ mọ́ láyé mi.

Mo ṣe bí ọ̀gá. Mo ní, "Wọn ò dọ́gba. Màá fi máṣíìnì gé etí wọn kí wọ́n lè ṣe déédéé."

Mùfúlíátù kan ọ̀kan wò, ó gbọ́ ọ. Ó ní, "Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá gé etí rẹ̀, a ti gé lára àwòrán nù. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ tò wọ́n sílẹ̀ ná."

Ebenezer wo èmi, ó wo òun. "Bọ̀ọ̀dá Bándélé," ó ní, "ẹ̀yin lẹ máa tẹ́ ẹ̀gbẹ́ sàréè yípo. Ẹ sì bá wa fọ ẹ̀yìn àwọn wọ̀nyí, sìmẹ́ǹtì àtijọ́ pọ̀ lára wọn. Ojú ògiri, kí Ìyá Abdulqoyyum bá wa ṣe é. Friday ni ìsìnkú, please."

Kí n fọ ẹ̀yìn! Èmi tí mo fi ọwọ́ mi tẹ́ bàbá rẹ̀ mọ́lẹ̀! Mo ní kò burú. Mo gbé àpótí náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé, mo rẹ wọ́n sínú omi, mo mú ọ̀bẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha.

Táìlì kẹta tàbí ìkẹrin ni mo wà tí mo rí i. Lábẹ́ sìmẹ́ǹtì àtijọ́ yẹn, ẹnì kan ti fi búrọ́ọ̀ṣì kọ lẹ́tà kan àti nọ́ńbà kan sí ẹ̀yìn táìlì. Mo ha òmíràn: lẹ́tà kan, nọ́ńbà kan. Gbogbo wọn ló ní i. Lẹ́tà mẹ́jọ ni, nọ́ńbà mẹ́fà. Lẹ́tà ń sọ ìlà tí táìlì wà láti òkè, nọ́ńbà ń sọ ipò rẹ̀ lórí ìlà, bí wọ́n sì ṣe dúró ń sọ ibi tí orí táìlì wà. Àwọn onítáìlì Pọ́túgà ayé ìgbà náà ló kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹni tó máa tẹ́ ẹ. Ó dà bíi pé èmi gan-an ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Mo wò yíká. Kò sẹ́nì kankan. Mo yọ ìwé kékeré tí mo fi ń kọ ìwọ̀n sílẹ̀, mo kọ gbogbo rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: etí, ìlà kẹta, ìkẹrin, ọwọ́ ìkòkò, ìlà karùn-ún, ìkejì, ẹyẹ, ìlà kejì, ìkẹrin, àgógó rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn náà mo tan máṣíìnì, mo fi ha ẹ̀yìn gbogbo wọn títí lẹ́tà àti nọ́ńbà fi di eruku. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ̀ pé a máa ń ha ẹ̀yìn táìlì kí sìmẹ́ǹtì lè dì í mú. Kò sẹ́ni tó lè bá mi wí. Mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó tan máṣíìnì.

Ohun tí mo rò ni pé títo rẹ̀ máa pin Mùfúlíátù lẹ́mìí. Tó bá di Thursday, tí ojú ti tì í, tí Ebenezer ń rìn síwá sẹ́yìn, èmi á wá yọ ìwé mi jáde, màá tò ó láàárín wákàtí kan níwájú gbogbo ìlú. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orúkọ mi nìkan ni mo fẹ́ kó wà lára ògiri yẹn.

Ó tẹ́ tàpólì sábẹ́ igi ọsàn, ó kúnlẹ̀. Lọ́jọ́ Monday, ọwọ́ kan àti ìdajì ìkòkò ló rí tò pọ̀. Mo ń tẹ́ ẹ̀gbẹ́ sàréè, mo ń fi igun ojú wò ó. Ó ń jẹ ẹ̀pà, ó ń kan táìlì, ó ń wo etí kan mọ́ etí kejì, ó ń fi ìka wá ibi tí búrọ́ọ̀ṣì kan ti bẹ̀rẹ̀ lórí táìlì kan tó sì parí sórí òmíràn. Nírọ̀lẹ́ Tuesday, obìnrin kan ti dìde dúró lórí tàpólì yẹn, kànga lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìkòkò ní ìbàdí rẹ̀, ewé lóríṣiríṣi. Àwọn ará ilé ń pariwo. Ìwé inú àpò mi wá ń wúwo. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó má rí àwọn ewé tò, nítorí ewé pọ̀, wọ́n sì jọra. Ẹ wo irú àdúrà tí àgbàlagbà ń gbà. Nígbà tí oòrùn ọjọ́ Wednesday fi máa ga, ó ti tò ó tán, ó ku àlàfo kan ṣoṣo lókè orí obìnrin náà, àti táìlì kan ṣoṣo lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó wá bá mi níbi sàréè, ó kúnlẹ̀.

"Ọ̀gá mi, ẹ kú uṣẹ́ o. Ẹ bá mi wo èyí. Ẹyẹ yìí, ṣé gígòkè ló ń gòkè ni, àbí ó ń sọ̀ kalẹ̀?"

Mo gbà á. Ẹyẹ náà nìkan ló wà láàárín funfun, ó pa ìyẹ́ mọ́ra, ó na ọrùn, kò bà lé ẹ̀ka. Bí ẹ bá gbé e síbí, ó ń lọ sókè. Bí ẹ bá yí i, ó ń já bọ̀ wálẹ̀. Ìdajì ewé kan péré ló wà ní etí kan.

Ìwé wà nínú àpò mi. Ṣùgbọ́n kí ni ìwé náà tún wúlò fún? Ta ní ń júwe ọ̀nà fún ẹni tó ti jókòó sínú ilé? Ó ti ṣe mẹ́tàdínláàádọ́ta láìsí lẹ́tà, láìsí nọ́ńbà. Bí mo bá yọ ọ́ jáde, wọ́n á bi mí ìdí tí mo fi gbé e pamọ́. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú. Mo ní, "Ó ń sọ̀ kalẹ̀. Gbé orí rẹ̀ sísàlẹ̀."

"Ewé etí rẹ̀ ńkọ́, Ọ̀gá mi? Kò ní bá èkejì rẹ̀ pàdé."

"Ọwọ́ ni wọ́n fi yà á láyé ìgbà náà," mo ní. "Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló máa bára mu."

Ó gba táìlì náà padà, ó tún yẹ etí rẹ̀ wò. Ó ní, "Ó dáa, Ọ̀gá mi," ó sì lọ tẹ́ ẹ bí mo ṣe wí.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo sùn dáadáa. Mo ní àwọn tó ń bọ̀ láti Èkó àti Àbújá máa rí ẹyẹ tó ń ṣubú bí èyí tí wọ́n yìnbọn fún, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Friday dé. Àwọn ọmọ Ìlọfà kún àgbàlá náà. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ kúrò lójú ògiri, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ebenezer dúró, ó wo obìnrin tó ń pọnmi, ó wo ẹyẹ tó ń bọ̀ wálẹ̀ tààrà sórí rẹ̀, ó bú sẹ́kún bí ọmọdé. Ó ní, "Ó wá mú yèyé mi ni. Ẹ ò rí i? Ó wá mú un." Fíkà ìjọ wọn, tó wá ṣe ìsìn òkú, fi ẹyẹ yẹn ṣe ìwàásù. Àwọn obìnrin ń fọwọ́ kàn án. Wọ́n gbé Mùfúlíátù síwájú, wọ́n ń kí i, ó ń wo ilẹ̀. Èmi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbẹ́ sàréè tí mo tẹ́, tó gún régé, tí ẹnikẹ́ni ò wò. Mi ò jowú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Ohun tí mo ṣe láti fi bà á jẹ́ ni wọ́n ń yìn ín fún!

Ó wá di àṣà. Àwọn kan n'Ílọrin bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àwòrán ẹyẹ náà sórí táìlì tuntun, kálukú ń fẹ́ ẹ fún sàréè bàbá rẹ̀. Mùfúlíátù ò lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe, ni wọ́n bá ń wá èmi náà wá. Alàgbà Ògúndípẹ̀ pè mí lọ sí Obbo-Ile láti ṣe ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Mo tẹ́ ẹyẹ náà bó ṣe yẹ, àgógó sókè. Bàbá náà gbé ìgò ojú wọ̀, ó wò ó, ó mi orí.

"Bándélé, o gbé e sódì."

"Bàbá, bí ẹyẹ náà ṣe rí gan-an nìyẹn. Ńṣe ló ń gòkè."

"Ìwọ ò tíì rí ti Ìlọfà ni? Ìwọ lọ wo bí Mùfúlíátù ṣe ṣe é, kó o wá ṣe tèmi bẹ́ẹ̀."

Sìmẹ́ǹtì ò tíì gan. Mo yọ ọ́. Mo dorí rẹ̀ kodò pẹ̀lú ọwọ́ mi méjèèjì.

Mi ò padà sílé lọ́jọ́ yẹn. Ìdọ̀fin ni mo kọrí sí. Mo bá Mùfúlíátù níwájú ilé bàbá rẹ̀ tó ń to àfọ́kù. Ó dìde, ó gbé àga fún mi, ó bu omi wá. Mi ò mu ún. Mo yọ ìwé kékeré mi, mo nà án sí i, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: lẹ́tà, nọ́ńbà, máṣíìnì, ẹyẹ. Mi ò wá tọrọ àforíjì. Kó lè mọ̀ pé èmi ni mo ni ẹyẹ yẹn ni mo ṣe wá.

Ó gba ìwé náà, ó ṣí i wò. Ó fọwọ́ pa orúnkún rẹ̀.

"Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi kúnlẹ̀ lórí tàpólì yẹn," ó ní. "Orúnkún yìí ò tíì bọ̀ sípò. Ẹ ò ṣe dáadáa, Ọ̀gá mi."

"Ẹyẹ yẹn ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi nìyẹn. Ẹyẹ ni mo ṣì ń bi í.

"Mo mọ̀ pé ó ń gòkè. Ewé etí rẹ̀ ti sọ fún mi kí n tó wá bá yín."

"Kí ló wá dé tó o fi dorí rẹ̀ kodò?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi núṣẹ́. Mo ní bóyá ojú yín rí ohun tí tèmi ò rí. Nígbà tí mo rí bí ọmọ yèyé yẹn ṣe sunkún, mo ní, àṣé òótọ́ ni, Ọ̀gá mi rí i." Ó fi èékánná kan àfọ́kù kan. "Gbogbo ẹni tó bá kí mi fún ẹyẹ yẹn ni mo ń sọ fún pé, ọ̀gá mi Bándélé ló ní kí n gbé e bẹ́ẹ̀. Ẹ bi Ebenezer. Ẹ bi fíkà wọn. Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi. Wọn ò gbà. Wọ́n ní ìwà ìrẹ̀lẹ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu, ni wọ́n bá tún ń yìn mí sí i."

Ó dá ìwé mi padà fún mi, ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mo ti jẹ. Mi ò tíì jẹ nǹkan kan láti àárọ̀. Mo dúró lẹ́bàá títì, mo dá ọ̀kadà dúró, mo sì lọ sílé mi.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé Ìlọfà tí wọ́n na ìka sí ẹyẹ náà, ẹ bá mi sọ fún wọn pé Bándélé ló ní kó dorí kodò. Wọn ò ní gbà yín gbọ́. Wọ́n á ní, "Ohun tí Mùfúlíátù náà máa ń wí nìyẹn."